Raliat Oníjẹ́sì àti Àwọn Tó Pe Olúṣẹ̀san Ní Ọ̀dàlẹ̀

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1996 ni wọ́n pe Olúṣẹ̀san ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo wa, lórí pápá oníyanrìn tó wà lẹ́yìn àwọn ilé gogoro Al Taawun ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Deira, àdúgbò ọjà ní ìlú kejì, ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, àwa tó ń gbé Sharjah náà ní tiwa, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń du ife. Deira ni Olúṣẹ̀san ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ará Sharjah lẹ́ẹ̀kan, a ní àṣìṣe ni. Nígbà tó tún ṣe é, ẹni tó gbé e fún sáré wọ inú, ó gbá a wọlé, ife sì bọ́ lọ́wọ́ Deira.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé wọ́n ti rà á. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Kí ọmọkùnrin náà tó rìn dé etí pápá, wọ́n ti fa ọrùn jẹ́sì rẹ̀ ya. Àmúsà, tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Deira, tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Olúṣẹ̀san kàn ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un.

"Ẹni wa ni mo rí," ló ń sọ. "Mo fi Ọlọ́run búra, ẹni wa ni mo rí."

Èmi àti Àǹtí Raliat jọ dúró níbẹ̀. Mo rò pé òun náà máa bú u, nítorí òun ló ṣe jẹ́sì tí ẹgbẹ́ méjèèjì wọ̀ lọ́jọ́ náà, pupa tó ki fún Deira, àwọ̀ ewé tó ki fún Sharjah, inú rẹ̀ sì ti ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ìgbà tí mo máa wo ojú rẹ̀, ó ti le koko. Kò wo Olúṣẹ̀san. Àwọn jẹ́sì ló ń wò, ó ń wo pupa, ó ń wo àwọ̀ ewé, ó sì ń mi orí.

"Bùnmi," ó pè mí, "èmi ni mo fi aṣọ yìí da ọmọ yẹn láàmú."

Raliat kì í ṣe ẹni ńlá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Ṣómólú ló ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí ó tó tẹ̀ lé àwa oníṣòwò wá sí Deira láti wá ra ọjà. Ọjà kò bá a lára mu. Kò mọ bí a ṣe ń ná ọjà títí tí ẹni tó ń tà á fi máa bínú tí yóò tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé bó ṣe ń rà ló ń pàdánù, ó lọ bẹ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Sharjah, níbi tí a ti máa ń tẹ orúkọ sára báàgì náílọ́ọ̀nù. Basheer, ará Kerala tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbà á. Láti ìgbà náà ló ti ń ya àwòrán sórí báàgì, sórí páálí, sórí aṣọ. Èmi, òun àti Mùlíkàt jọ háyà bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá kan náà ní àdúgbò Rolla, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí tirẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Rolla ló ti sọ ọ̀rọ̀ Làmídì fún mi. Làmídì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà ní kí wọ́n kun àsíá Nàìjíríà. Làmídì fi kéréyọ́ọ̀nù aláwọ̀ ilẹ̀ kun ibi tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé. Tíṣà ní ó fi orílẹ̀-èdè ṣe yẹ̀yẹ́, ó nà án. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní kó kùn ún, Làmídì tún kùn ún bẹ́ẹ̀, ó sì nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi lé. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ wá iṣẹ́ sí rélùwéè, ibẹ̀ ni dókítà ti gbé ìwé kan tó kún fún àmì tóótòòtó síwájú rẹ̀, tó sì sọ fún un pé ojú rẹ̀ kì í ya pupa kúrò lára àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó ń rí abẹ́rẹ́ nínú yanrìn, ó ń ka lẹ́tà wínníwínní. Àwọ̀ méjì yẹn nìkan ni kì í mọ̀ yàtọ̀.

"Ó délé lọ́jọ́ yẹn," Raliat sọ, "ó ní kí wọ́n bá òun wá tíṣà yẹn lọ. Tíṣà ti kú. Inú rẹ̀ kò rí ibi tó máa bí sí."

Mo ní bóyá ti Olúṣẹ̀san kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n rántí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kí òun tó ṣe jẹ́sì. Mo rántí. Ẹgbẹ́ kan á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, èkejì á wọ tirẹ̀. Nígbà yẹn, ta ló dà bí Olúṣẹ̀san? Àwọn ará Sharjah gan-an máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ pupa àti àwọ̀ ewé ló di ọ̀dàlẹ̀.

A rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù tíì kan nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ Deira ti ń gbé èrò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí Pepsi, jẹ́sì tó ya wà lọ́rùn rẹ̀. Raliat jókòó tì í, ó yọ àjákù aṣọ méjì nínú báàgì rẹ̀, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì.

"Àbúrò mi, má bínú. Èwo ni ti Deira nínú méjèèjì?"

Ó wò wọ́n pẹ́. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, bíi pé ọwọ́ lè sọ ohun tí ojú kò sọ.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Raliat sọ ọ̀rọ̀ Làmídì fún un. Olúṣẹ̀san gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan kan wà, pé láti kékeré ni òun ti ń pe ata tí kò tíì pọ́n ní ata tó pọ́n, òun kàn rò pé òun kò fọkàn sí nǹkan ni. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"Ọkọ̀ agbẹ́rù ni mò ń wà nínú wàrẹ́háùsì ní Jebel Ali. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ojú mi ní àléébù, wọ́n á cancel visa mi. Khalas, ó parí nìyẹn."

"O wá fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀?"

"Àǹtí, ọ̀dàlẹ̀ ṣì lè jẹun."

Tíì Raliat tutù níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ jẹ́sì pupa kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ fọtokọ́pì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ ti àwọ̀ ewé, ó tẹ òun náà. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ju dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú lọ. Ìwé méjèèjì jáde bí ìbejì. Ó ní òun dúró wò wọ́n pẹ́. Ó ti ń yàwòrán láti Ṣómólú, kò sì sí ọ̀gá kan tó sọ fún un rí pé kí ó wo iṣẹ́ rẹ̀ báyìí kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Ó kó ìwé náà lọ sí Deira, sí ọ́fíìsì kágò Alhaji Sùlàímọ́nù. Alhaji yìí ni alága fún ẹgbẹ́ méjèèjì, òun náà ló sì yan àwọ̀ jẹ́sì. Mo tẹ̀ lé e. A bá Alhaji, a bá Àmúsà, a bá Kàbírù tó jẹ́ réfírì, ọmọ Ìlọrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Sharjah, tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún nítorí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Raliat kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé ìwé méjèèjì síwájú Àmúsà.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni Deira níbẹ̀?"

Àmúsà yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Èyí."

"Ti Sharjah nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaji ní, "Raliat, ta ló ń wo bọ́ọ̀lù nínú fọtokọ́pì?"

"Alhaji, àwọn kan wà tí àwọ̀ méjèèjì yìí rí bákan náà lójú wọn. Ojú wọn kò fọ́. Wọ́n kàn ń rí i bẹ́ẹ̀ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́."

"Ta ni wọ́n? Dárúkọ wọn."

Raliat kò lè dárúkọ. Ó ti ṣèlérí fún Olúṣẹ̀san pé òun kò ní sọ.

"Ẹ rí i," Alhaji yíjú sí àwọn yòókù. "Kò sí ẹnì kankan. Ó fẹ́ ká tún wá ṣe jẹ́sì mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Oníṣẹ́ ọwọ́ ti rí ọjà."

"Ẹ má fún mi ní nǹkan kan, Alhaji. Ẹ kó ti Sharjah wá, màá fi ọ̀dà tèmi fa ìlà funfun sí i láyà."

"Pupa ni pupa, green ni green. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú yàrá rẹ̀."

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹnu kò pé Olúṣẹ̀san kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà mọ́ láéláé. Kàbírù wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn alágbàṣe ti ń di ẹrù Èkó sínú páálí. Ibẹ̀ ni Raliat ti yíjú sí mi.

"Wọ́n ní kí n dárúkọ. Bí wọ́n bá ń kọ́ àtẹ̀gùn, ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ arúgbó tó máa gùn ún kí wọ́n tó fi ibi ìdìmú sí i?"

Inú ń bí èmi náà.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, Kàbírù wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Basheer lọ kírun. Raliat fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí ó ti gba ìyọ̀ǹda Kàbírù, nítorí a kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara wa. Kàbírù kọ́kọ́ bi í léèrè nípa káàdì ìpolówó, ó bi í léèrè nípa sítíkà. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ojú yẹn.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ jẹ́sì yẹn, Àǹtí, mo kàn ń méfò ni. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè ni mò ń wò. Tí wọ́n bá ṣe fáwùlù, ojú ni mò ń wò, mo mọ ojú wọn. Tí wọ́n bá kọ̀yìn sí mi, Ọlọ́run ló ń bá mi fọn fèrè náà."

Àánú kọ́kọ́ ṣe Raliat. Ó fa àga fún un. Kí Kàbírù tó jókòó dáadáa ni nǹkan kan yé Raliat.

"Ẹ wà nípàdé, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo wà níbẹ̀."

"Wọ́n ní kí n dárúkọ ẹnì kan. Ẹ jókòó síbẹ̀."

"Mo jókòó."

"Ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ yẹn má purọ́. Nínú gbogbo wa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n lára."

Kàbírù tẹ orí mọ́lẹ̀. Ó ní, "Iyì mi ni. Tí réfírì bá sọ pé òun kò dá jẹ́sì mọ̀, gbogbo gólù tí mo ti gbà ńkọ́? Gbogbo èyí tí mo kọ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ra iyì yẹn."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú òun fó. Raliat dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un. "N ò ní sọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ."

Kò sọ. A retí, a retí, kò sọ.

Mo ní kí Raliat sọ ọ́ nígbà yẹn, kó lọ bá Alhaji kó tú gbogbo rẹ̀ síta. Ó ní tí òun bá ṣí àṣírí réfírì, wọ́n á béèrè ẹni kejì, orúkọ Olúṣẹ̀san á sì jáde, iṣẹ́ ọmọ náà á sì bọ́. Ó ní, "Ẹni tó bẹ̀ mí nítorí oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń pa àṣírí mọ́ fún. Ti èkejì kàn wọ́ mọ́ ọn ni." Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ, ó sì ń fọ ìkòkò bí ẹni tó fẹ́ dá a lu.

Nígbà tí sáà tuntun ń bọ̀, Àmúsà kó gbogbo jẹ́sì wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú àpò, pé kí Raliat tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n rán an. Raliat tẹ nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan nínú ti Sharjah, ó fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láyà, ó gbé e sórí fọtokọ́pì. Ó hàn nínú ìwé. Àmọ́ nígbà tí mo wọ̀ ọ́ tí mo sì ká ọwọ́ mọ́ àyà, ìlà náà sá wọ inú aṣọ. Ó ní kò tó. Ó fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po, ó fà á yí ká dé ẹ̀yìn. Basheer ní, "Sister, customer didn't ask." Ó dá a lóhùn pé òun mọ̀.

Ní nǹkan bí àsìkò ìrun Mọ̀ǹgàríbì, nígbà tí àwọ̀ ti ń kúrò lára nǹkan, ó ní kí èmi wọ ti Sharjah, kí Mùlíkàt wọ ti Deira, kí a lọ dúró ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa ní Rolla. Ó ti ránṣẹ́ pe Olúṣẹ̀san. Ó mú un dúró ní òdìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ó ní kí a máa rìn, kí a máa pa ipò dà, kí a kọ̀yìn, kí a sáré.

"Bùnmi ni Sharjah," Olúṣẹ̀san ké láti òkèèrè. "Àǹtí Mùlíkàt ni Deira. Bùnmi ti bọ́ sọ́wọ́ òsì. Wọ́n ti yíra."

Kò ṣì í rárá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sí etí ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Raliat dúró tì í títí ó fi dìde, lẹ́yìn náà ló lọ fa ìlà náà sára gbogbo jẹ́sì Sharjah.

Ọjọ́ tí wọ́n wá kó jẹ́sì ni ọjọ́ ìdíje gan-an, wọn kò rí àyè kọ̀ ọ́. Alhaji dé orí pápá, ó rí funfun láyà Sharjah, ó sì bú Raliat lójú gbogbo èèyàn. Ó ní ta ló rán an níṣẹ́, pé ó bá aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́, pé òun kò ní gbé iṣẹ́ fún un mọ́ láyé òun. Raliat fọwọ́ lẹ́rán, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Kàbírù fọn fèrè lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú túbú. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń nà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Àwọn tó ń wòran láti ọ̀nà jíjìn ní bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà dùn ún wò.

Wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó rẹwà, ẹgbẹ́ méjèèjì yàtọ̀ gedegbe. Kí oṣù tó parí, mo fi etí ara mi gbọ́ Alhaji Sùlàímọ́nù tó ń sọ fún àlejò kan láti Èkó pé òun lòun ní kí wọ́n fi funfun sí i.

Raliat lọ bá Àmúsà. Ó ní, "Olúṣẹ̀san ńkọ́?"

Àmúsà ní, "Àǹtí, leave that matter. Ọ̀rọ̀ àná nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó bẹ ọmọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó yọ òfin tí wọ́n fi dè é. Aṣọ yí padà, ẹjọ́ kò yí padà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kàbírù kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìlọrin, wọ́n ṣe ìdágbére fún un, wọ́n pè é ní olóòótọ́ ènìyàn. Raliat kò lọ.

Láti ìgbà náà, kò sí iṣẹ́ kan tó jáde lọ́wọ́ Raliat tí kò gba orí fọtokọ́pì kọjá. Sítíkà kágò tí wọ́n fẹ́ fi pupa sọ pé ọkọ̀ òfúrufú, kí àwọ̀ ewé sọ pé ọkọ̀ ojú omi, yóò ní kí wọ́n ya àwòrán bàálù sí ọ̀kan, kí wọ́n ya ọkọ̀ sí èkejì. Àwọn oníbàárà kan ń kùn pé ó ń fi àsìkò ṣòfò. Ọ̀kan bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, Basheer sì bá Raliat jà lórí rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀. Kò jáwọ́.

Ní òpin ọdún 1997, ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àpèjẹ, wọ́n ránṣẹ́ pe Raliat pé àwọn fẹ́ fún un ní àwo ìdúpẹ́ nítorí jẹ́sì. Ó bi ẹni tó jíṣẹ́ bóyá wọ́n pe Olúṣẹ̀san. Ẹni náà ní òun kò mọ̀. Raliat ní kó bá òun kí wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ àpèjẹ náà, èmi àti ẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Jebel Ali. A bá Olúṣẹ̀san lórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́, òun àti àwọn ọmọ Ghana, àwọn ará Kerala, àwọn ará Pakistan. Ẹgbẹ́ kan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, èkejì wọ tirẹ̀. Ó ń sáré bí ìgbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé gólù rẹ̀ sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí wọ́n sinmi, Olúṣẹ̀san mú wa lọ kí i. Ó ní ọ̀gá òun nínú wàrẹ́háùsì nìyẹn.

Raliat rọra bi í ní Yorùbá bóyá ọ̀gá náà mọ̀.

"Ó mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un nígbà tí àyà mi kò gbà á mọ́. Ó ní kí n máa ka lẹ́tà ara páálí, kí n fi àwọ̀ sílẹ̀. Ó ní yalla, ó yá, padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí síbẹ̀, Àǹtí."

Raliat wo ọkùnrin onírùngbọ̀n náà, tó ń mu omi nínú ike, tí kò mọ ohun tí a ń sọ. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ mo rí i bí ó ṣe ń fún etí gèlè rẹ̀ mọ́ra.

"Àjèjì," ó sọ. "Ilẹ̀ kan náà la ti wá, èdè kan náà là ń sọ, àjèjì ló wá gbọ́ tirẹ̀."

Wọ́n fọn fèrè, Olúṣẹ̀san sáré padà. A dúró wò wọ́n títí oòrùn fi wọ̀, a sì lọ dúró de ọkọ̀.